Jókòó Kí O Kọ́ Ọ: Ọdún Mẹ́rin Mi ní Ìlú Xi'an

Ìlú kan ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ yìí. Xi'an lorúkọ rẹ̀. Lẹ́nu tiwa, Ṣí-àn. Àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Ṣáínà ló wà, òun ni olú-ìlú ìpínlẹ̀ Shaanxi, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 12. Ọdún mẹ́rin ni mo lò níbẹ̀, ọdún kan fún èdè, ọdún mẹ́ta fún ìwé tí mo bá lọ.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ló ń gbèrò Ṣáínà fún ọmọ wọn lásìkò yìí. Àwọn òbí máa ń dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, wọ́n á ní èló ni, ṣé òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀, ṣé ọmọ lè máa ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ mọ́ ọn. Màá dáhùn kí n tó dìde. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú, ẹnì kan kì í bi mí: ọmọ yẹn, ṣé ó ṣe tán láti jókòó sínú ìlú náà?

Èmi alára kò ṣe tán nígbà tí mo lọ. Ẹni tó bá mi ṣètò ìwé mi nílé, n kò ní dárúkọ rẹ̀, ó fọwọ́ sọ̀yà pé èdè òyìnbó ni wọn yóò fi kọ́ mi láti ọjọ́ kìíní. Ìgbà tí mo dé ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àlejò ni wọ́n fi ìwé tí èmi fúnra mi fọwọ́ sí hàn mí. Mandarin ló wà níbẹ̀. Odindi ọdún kan ni màá fi kọ́ èdè kí n tó wọ kíláàsì tí mo tìtorí rẹ̀ kúrò nílé. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Aago ibẹ̀ fi wákàtí méje ṣáájú tiwa, nítorí náà ojú oorun ni mo ká ìyá mi mọ́ nígbà tí mo pè wọ́n. Wọ́n gbọ́ gbogbo ẹjọ́ mi tán, wọ́n ní, "Ṣé wọ́n lé ọ ni? Wọn ò lé ọ. Jókòó kí o kọ́ ọ."

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọ̀rọ̀ ṣúgà ṣẹlẹ̀. Ilé oúnjẹ kékeré kan wà lẹ́yìn ilé-ìwé wa, tábìlì mẹ́rin péré, èéfín àti òórùn aáyù. Oúnjẹ há mi lọ́fun, mo fẹ́ omi ọbẹ̀ díẹ̀. Mo ti wo ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé mi: tāng. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, mo sọ ọ́ bí ẹni tí kò dá ara rẹ̀ lójú, ohùn mi sì gbéra láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ìyá tó ni ilé oúnjẹ náà wò mí sùn-ùn, wọ́n wọlé, wọ́n gbé abọ́ ṣúgà jáde, wọ́n rọra gbé e síwájú mi. Tāng tí ohùn rẹ̀ ga tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, omi ọbẹ̀ ni. Táng tí ohùn rẹ̀ ti ìsàlẹ̀ gòkè, ṣúgà ni.

Mo jókòó ti ṣúgà yẹn, ni mo bá rántí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí tíṣà wa ti máa ń ní ká pe igba, igbá, ìgbà, ká tún pe ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀. Mo ní, háà, ohun tí mo mọ̀ láti inú oyún rèé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín báyìí, ẹ bá mi pè é. Ohùn mẹ́rin ni Mandarin ní. Ìkíní, ohùn òkè wa ni, bíi ká sọ pé "wá", ká wá fà á gùn díẹ̀. Ìkejì, ẹ sọ "yìí". Ẹ gbọ́ bó ṣe ti ìsàlẹ̀ gòkè? Òun náà nìyẹn. Ìkẹta, ohùn ìsàlẹ̀ wa ni, ẹ jẹ́ kó lọ sílẹ̀ dáadáa, bíi "rà". Ìkẹrin, ẹ sọ "náà": ó ti òkè já wálẹ̀. Ẹni tó bá lè sọ wá, yìí, rà, náà, ó ti ní ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́. Kódà, lọ́dọ̀ wọn, mǎi ni rírà, mài ni títà. Ohùn nìkan ló ya ẹni tó ń rà sọ́tọ̀ sí ẹni tó ń tà, ọjà ò sì ṣeé ná fún ẹni tí kò gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn.

Àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì tí èdè tiwọn kò lóhùn, oṣù mélòó kan ni wọ́n fi jà á kí etí wọn tó là. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò. Kì í ṣe pé orí mi pé ju tiwọn lọ. Àwọn tó bí mi ló ti san owó ilé-ìwé yẹn sílẹ̀ dè mí nígbà tí wọ́n fi Yorùbá tọ́ mi. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ti fòfin de Yorùbá nínú ilé nítorí kí ọmọ lè gbọ́ òyìnbó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba etí yẹn lọ́wọ́ wọn.

Nǹkan mìíràn tún wà tó mú ara tù mí. Gbogbo wa la mọ̀ pé òyìnbó kò ní ẹ̀gbọ́n, kò sì ní àbúrò. Àwọn ará Ṣáínà ní in. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni gēge, àbúrò ọkùnrin ni dìdi, ẹ̀gbọ́n obìnrin ni jiějie, àbúrò obìnrin ni mèimei. Wọn kì í pe àgbà lórúkọ. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́, āyí ni ọmọdé yóò pè wọ́n, bí àwa ṣe ń sọ pé àǹtí. Awakọ̀ tó ti dàgbà, shūshu. Bí owó bá fẹ́ gba ọwọ́ ẹni dé ọwọ́ àgbà, ọwọ́ méjèèjì ni. N kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ mi níyẹn.

Kíkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni ogun. Kò sí a-b-d tí èèyàn lè dì mú, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní àwòrán tirẹ̀, ó sì ní ọ̀nà tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ gbà fà á. Ìwé àjákọ méje ni mo kọ kún lọ́dún kìíní. Ọ̀pọ̀ yunifásítì tó ń fi Mandarin kọ́ni ló máa ń béèrè ìdánwò tí wọ́n ń pè ní HSK, ìpele kẹrin ó kéré tán, kí wọ́n tó jẹ́ kí èèyàn wọ ẹ̀ka tirẹ̀. Mo yege. Òru tí mo fi san án kò ṣeé kà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí wọ́n ń pe irú wa níbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn dà bí ọ̀rọ̀ ìyá mi. Liúxuéshēng. Liú ni kí èèyàn dúró nígbà tí àwọn yòókù ń lọ. Xué ni ẹ̀kọ́. Nígbà ayé ìjọba Tang, láti ọdún 618 sí 907, Chang'an ni ìlú yìí ń jẹ́, òun ni olú-ìlú gbogbo Ṣáínà, ó sì wà lára àwọn ìlú tó tóbi jù láyé ìgbà náà. Ọba Japan a máa rán ikọ̀ wá síbẹ̀. Bí ikọ̀ bá jíṣẹ́ tán, wọn a wọkọ̀ padà. Àwọn ọ̀dọ́ kan nínú wọn a dúró láti kàwé. Àwọn tó dúró yẹn ni wọ́n sọ lórúkọ yìí, ó sì ti lé ní 1,200 ọdún.

Ọ̀kan nínú wọn ni Abe no Nakamaro. Ọdún 717 ló dé. Ó kàwé débi pé wọ́n fi í joyè ní ààfin, ó di ọ̀rẹ́ Li Bai tí í ṣe àgbà akéwì ilẹ̀ náà. Ọdún 753 ló wọ ọkọ̀ ojú omi pé òun ń lọ sílé. Ìjì gbé ọkọ̀ náà lọ sí ilẹ̀ tí a ń pè ní Vietnam lónìí. Ó rìn padà sí Chang'an, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 770, kò fojú kan Japan mọ́. Òkúta ìrántí rẹ̀ wà nínú ọgbà Xingqing láti ọdún 1979, iwájú ilé-ìwé ńlá Xi'an Jiaotong gan-an. Mo máa ń lọ jókòó síbẹ̀ nígbà tí àárò ilé bá ń ṣe mí.

Ìlú yẹn náà sì ní ẹni tó ti ibẹ̀ lọ kàwé lẹ́yìn odi. Xuanzang ni, mọ́ńkì ẹlẹ́sìn Búdà. Ní nǹkan bí ọdún 629 ó yọ́ kúrò nílùú láìgba àṣẹ ọba, ó la aṣálẹ̀ kọjá, ó dé Íńdíà, ó kàwé ní Nalanda, ó sì padà wálé ní 645 pẹ̀lú ìwé 657. Ilé gogoro tí wọ́n kọ́ ní 652 láti kó àwọn ìwé náà sí ṣì wà lóròó. Mítà 64 ni gíga rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn tèmi nígbàkígbà tí mo bá gbójú sókè ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n kọ́ ọ fún, akẹ́kọ̀ọ́ tó kó ẹrù ìwé wálé.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ àwọn tó dúró yìí fi ká mi lára ni ohun tí mo rí nílé tí wọ́n kó wa sí. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àlejò dá dúró lọ́tọ̀, ó mọ́, ó dùn ún gbé, òyìnbó ni gbogbo wa ń sọ níbẹ̀. Lálẹ́, ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata yóò máa ta sánsán ní kíṣìnnì, orin ilé yóò máa dún. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tó lo ọdún mẹ́rin nínú ilé yẹn, tí wọ́n gboyè, tí wọn kò lè bá ìyá tó ń gbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó dùn mí fún wọn. Owó tí ìdílé wọn ná kò kéré sí tèmi.

Ibi tí èmi ti jókòó ni ilé oníbúrẹ́dì àti ẹran àgùntàn kan ní àdúgbò àwọn Mùsùlùmí, ní ẹ̀yìn Ilé Ìlù. Oúnjẹ tí Xi'an fi ń yangàn ni, yángròu pàomó. Bí o bá jókòó, wọn a gbé abọ́ ńlá fún ọ àti búrẹ́dì pẹlẹbẹ méjì tó le bí ọ̀pá. Ìwọ ni yóò fi ìka ya á wẹ́wẹ́, kò sí ọ̀bẹ, títí tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan yóò fi kéré bí ẹ̀wà. Ìgbà yẹn ni wọn yóò tó gbé e lọ sẹ́yìn, wọn a da omi ẹran sí i lórí iná, wọn a fi ẹran lé e, wọn a gbé e wá pẹ̀lú aáyù tí wọ́n rẹ sínú ṣúgà àti ata lílọ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fi ya tèmi. Bàbá aláṣè wo inú abọ́, wọ́n ní "tài dà", ó ti tóbi jù, wọ́n dá a padà síwájú mi. Ó ti ká mi lára kí bàbá kan ní tábìlì kejì tó fa àga wọn sún mọ́ mi, tí wọ́n fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá hàn mí bí wọ́n ṣe ń fún un já. Wọ́n ní bó bá tóbi, omi ẹran kò ní wọ inú rẹ̀. Ìta yóò rọ̀, àárín yóò gbẹ.

Ààbọ̀ wákàtí ni iṣẹ́ yẹn ń gbà, èèyàn kì í sì í ya búrẹ́dì fún ààbọ̀ wákàtí kó dákẹ́. Ọ̀rọ̀ owó ilé, ọ̀rọ̀ àna, ọ̀rọ̀ ọmọ tó wà ní Beijing tí kò pe fóònù. Inú abọ́ yẹn ni mo ti kọ́ Mandarin tí ìwé kò kọ́ mi. Mo ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Ó tó oṣù mẹ́ta kí bàbá aláṣè tó gba abọ́ lọ́wọ́ mi láìwo inú rẹ̀.

Mọ́ṣáláṣí àgbà ìlú náà kò jìnnà síbẹ̀, nínú ọ̀nà tóóró tí wọ́n ń pè ní Huajue. Ọdún 742 ni òkúta tó wà níbẹ̀ sọ pé wọ́n dá a sílẹ̀. Ilé tó wà níbẹ̀ báyìí, ti ìgbà ìjọba Ming ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó bá ń wá òrùlé rìbìtì yóò kọjá rẹ̀. Pákó àti òrùlé oníwo ni, bí ààfin ọba Ṣáínà, àgbàlá kan tẹ̀ lé òmíràn, igi àtijọ́, òkúta gbígbẹ́. Nínú ilé ìrun, odindi Àlùkùránì ni wọ́n gbẹ́ sára pákó, ní Lárúbáwá àti ní èdè Ṣáínà. Jímọ̀ kìíní mi níbẹ̀, lẹ́yìn ìrun, àwọn arúgbó onífìlà funfun yí mi ká. Wọ́n bi mí ní ibi tí mo ti wá. Mo ní Nírìlìyà, bí wọ́n ṣe ń pe orílẹ̀-èdè wa nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn di ọwọ́ mi mú, ó bẹ̀rẹ̀ Fátíhà, mo gbà á lẹ́nu rẹ̀, a jọ kà á dé òpin. N kò tíì mọ ọ̀rọ̀ tó 50 nínú èdè rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Odi ìlú náà ṣì pé yípo, kìlómítà 13.7, gíga rẹ̀ tó mítà 12, láàrin ọdún 1370 sí 1378 ni wọ́n mọ ọ́n. Òkè rẹ̀ fẹ̀ tó ọ̀nà mọ́tò, wọ́n sì ń fi kẹ̀kẹ́ háyà níbẹ̀. Ẹ gùn ún nírọ̀lẹ́ tí iná àwọn fìtílà pupa bá ti tàn.

Ní ìta ìlú, ní Lintong, kìlómítà bíi 35 sí apá ìlà oòrùn, ni àwọn ọmọ ogun alámọ̀ wà. Oṣù kẹta ọdún 1974, ọ̀dá wà, àwọn àgbẹ̀ ń gbẹ́ kànga, ọkọ́ wọn bá kan orí amọ̀. Lónìí wọ́n fojú bù ú pé àwọn ère náà tó 8,000, gíga wọn tó ti ènìyàn, ojú wọn yàtọ̀ síra. Qin Shi Huang ló ní wọn, ọba tó kọ́kọ́ kó Ṣáínà jọ sábẹ́ adé kan, tó kú ní ọdún 210 ṣáájú ìbí Jésù. Ibojì rẹ̀ gan-an wà nítòsí, wọn kò tíì ṣí i. Mo dúró lẹ́bàá ihò kìíní, ọkàn mi lọ sí agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní 1938 ti kan àwọn orí idẹ wa. Èyí tó dùn mí jù ní Lintong ni ohun tí wọ́n sọ nípa ọ̀dà ara àwọn ère náà. Aláwọ̀ mèremère ni wọ́n nígbà tí wọ́n sin wọ́n, pupa, ewéko, búlúù. Bí wọ́n ṣe hú wọn jáde tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí wọn, láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ ọ̀dà náà ká, ó bó dànù. Ìdí kan nìyẹn tí wọn kò fi kánjú hú ìyókù.

Òkè Huashan náà wà, bíi kìlómítà 120 sí ìlú, mítà 2,154 ni ibi tó ga jù lórí rẹ̀. Òru ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gùn ún kí oòrùn lè là lójú wọn lókè. Mo gùn ún lẹ́ẹ̀kan, mo di ẹ̀wọ̀n irin mú, mo dúpẹ́ nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀.

Ó yá, ẹ̀yin òbí, ìbéèrè yín. Ti owó: ilé-ìwé sí ilé-ìwé ni, ẹ wò ó lójú òpó ilé-ìwé náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe lẹ́nu ẹni tó fẹ́ gba owó ọwọ́ yín. Ìjọba Ṣáínà àti àwọn ìpínlẹ̀ wọn ń fúnni ní sikọ́láṣíìpù, àwọn kan nínú rẹ̀ kó owó ilé-ìwé, ilé àti owó oúnjẹ pọ̀. Ti èdè: ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi òyìnbó kọ́ wà, ẹ rí i pé ó wà lákọsílẹ̀ nínú ìwé ìgbàwọlé ọmọ yín, kí ẹ ka ìwé náà kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Èmi kò kà á. Ti iṣẹ́: ìwé ìgbélùú akẹ́kọ̀ọ́ kò fàyè gba iṣẹ́ olówó bí ilé-ìwé àti ọ́fíìsì ìwọ̀lú-jáde kò bá fọwọ́ sí i. Ẹni tí wọ́n bá mú, wọ́n lè dá a padà sílé. Físà tí wọ́n ń pè ní X1 ni ti ẹni tó ń lọ ju oṣù mẹ́fà lọ. Láàrin 30 ọjọ́ tó bá wọlé ni yóò gba ìwé ìgbélùú. Bó bá sun ìta ilé-ìwé, ó gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá láàrin wákàtí 24. Google, WhatsApp, Facebook, kò sí èyí tó ń ṣí níbẹ̀. WeChat ni kí ìyá àti bàbá fi sórí fóònù kí ọmọ tó wọ bàlúù. Òtútù ibẹ̀, bí ọyẹ́ tí wọ́n fi yìnyín pò ni, ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ni wọ́n máa ń tan ohun tó ń mú ilé gbóná. Kó ra fúláàsì bó ṣe ń débẹ̀, omi gbígbóná ni gbogbo wọn ń mu.

Nínú ọgbà Xingqing yẹn, bàbá arúgbó kan máa ń fi omi kọ̀wé sórí òkúta láràárọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì wọn gùn tó ọ̀pá ìgbálẹ̀, ike omi tí wọ́n gé lórí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Yéye ni mo ń pè wọ́n, bàbá àgbà. Wọn a kọ ọ̀rọ̀ kan, oòrùn a fà á gbẹ, wọn a kọ òmíràn. Àwọn ló kọ́ mi bí ọwọ́ ṣe ń lọ nínú ọ̀rọ̀ liú. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń bọ̀ wálé, mo gbé báàgì mi gba ibẹ̀. Wọ́n ní ṣé huíqù ni, ṣé mo ń padà lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà lọ́jọ́ tí mo ń lọ, ìyá mi fọwọ́ kàn mí lórí, wọ́n ní àlọ re, àbọ̀ re. Bàbá yìí ti búrọ́ọ̀ṣì bọ omi, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ méjì gàgàrà sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ mi: huílái. Padà wá. Mo kà á sókè fún wọn, ohùn méjèèjì ti ìsàlẹ̀ gòkè. Kí n tó gbé báàgì kọ́ èjìká, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ti ń gbẹ.